Òṣìṣẹ́ pápá tó fẹ́ di alákòóso ní àjọ aláàánú: ibi tí ọ̀nà gbà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjọ kan tí kì í ṣe tìjọba ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọbìnrin tó pa ilé ìwé tì là ń kọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lọ sáwọn abúlé Ọdẹ́dá. Àwọn báálẹ̀ mọ̀ mí, àwọn ìyálọ́jà mọ̀ mí. Lọ́dún yìí, àyè alákòóso ètò ṣí sílẹ̀. Mo kọ̀wé sí i, àmọ́ ẹni tí wọ́n mú wá láti Ìbàdàn ni wọ́n fún. HND ni mo ní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ forúkọ àjọ tèmi sílẹ̀ kí n máa ṣe ọ̀gá ara mi, àwọn kan ní kí n lọ gba oyè Masters. Èwo ni kí n ṣe?" Òǹkàwé kan, Ọ̀bàntokò.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìfaradà. Ó máa ń dunni gan-an kí èèyàn ti fẹsẹ̀ rìn káàkiri abúlé fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n wá mú ẹlòmíràn wá ṣe ọ̀gá lé e lórí. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí àwọn ọ̀rẹ́ yín mú wá, kò sí èyí tí màá ní kí ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ohun tí ẹ ń wá wà nínú ọ́fíìsì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, lórí tábìlì oníṣirò owó àti lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ àbọ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn onígbọ̀wọ́.

Nígbà tí àwọn tó ń yan alákòóso ètò bá jókòó, ohun tí wọ́n ń rò ni pé: tá a bá fi mílíọ̀nù méjìlá náírà lé ẹni yìí lọ́wọ́ fún ọdún kan, ṣé á lè sọ fún wa lóṣooṣù ibi tí owó dé? Ṣé àbọ̀ iṣẹ́ tó bá kọ kò ní padà wá pẹ̀lú ogún ìbéèrè? Ṣé òṣìṣẹ́ márùn-ún lè wà lábẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ má dojú rú? Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó béèrè bóyá ó mọ ìlú. Ẹni tó mọ ìlú dáadáa tí kò lè ṣàlàyé owó, wọ́n á máa yìn ín ní gbogbo ìpàdé, àmọ́ wọn ò ní fi ètò lé e lọ́wọ́. Ìlú tí ẹ mọ̀ yẹn ni apá tó ṣòroó kọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹ sì ti ní in. Èyí tó kù ṣeé kọ́ láàárín ọdún kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pápá ti ń ba orúkọ ara wọn jẹ́ láìmọ̀. Ẹ wo ìpàdé ọjọ́ kan ní Ọdẹ́dá. Wọ́n fún yín ní ₦220,000. Owó ọkọ̀ fún obìnrin 45, ₦2,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦90,000. Oúnjẹ ₦1,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦67,500. Gbọ̀ngàn gba ₦20,000, olùkọ́ni gba ₦30,000, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ọkọ̀ tó máa gbé e gba ₦12,500. Ọjọ́ pé, òjò rọ̀ láàárọ̀, obìnrin 38 ló wá. Oúnjẹ ti jinná kí ẹ tó mọ̀. Awakọ̀ tó gbé ẹ̀rọ láti Láfẹ́nwá ní epo ti wọ́n, ẹ bá fún un ní ₦14,000 tó ṣẹ́ kù lára owó ọkọ̀ àwọn obìnrin tí kò wá. Ẹ délé, ọkàn yín balẹ̀: kò sí kọ́bọ̀ kan tó wọ àpò yín.

Nígbà tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ oníṣirò owó, ohun tó máa rí ni pé ìwé ìfọwọ́sí ní orúkọ 38, ìwé oúnjẹ ní èèyàn 45, owó ọkọ̀ sì ti tán bíi pé èèyàn 45 ló wá. Ìwé mẹ́ta, wọn ò bára mu. Ti oúnjẹ kò le: ẹ kọ ìlà méjì sábẹ́ ìwé náà pé iye tí ẹ ti ránṣẹ́ sí olóúnjẹ tẹ́lẹ̀ ló sè, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ kó oúnjẹ 7 tó ṣẹ́ kù fún, kí ẹni náà fọwọ́ sí i. Ti ₦14,000 ló le. Owó ọkọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n kọ ọ́ sí, tiwọn nìkan ló sì wà fún. Ó yẹ kó padà sí báńkì. Àfikún owó awakọ̀, ẹ̀ bá ti béèrè rẹ̀ kí ẹ tó san án. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí alákòóso lórí WhatsApp àti èsì rẹ̀, tí ẹ tẹ̀ jáde tí ẹ so mọ́ ìwé, ti tó ẹ̀rí. Àṣẹ tó wá lẹ́yìn tí owó ti lọ, àwọn aṣàyẹ̀wò owó kì í kà á sí àṣẹ.

Àwọn nǹkan mìíràn tí aṣàyẹ̀wò owó máa ń fojú sí: rìsíìtì olóúnjẹ àti ti onígbọ̀ngàn tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra, èyí tó fi hàn pé inú ìwé kan náà ni wọ́n ti já wọn, orúkọ mẹ́wàá tí ìkọ̀wé kan náà kọ, tí bírò kan náà fọwọ́ sí, rìsíìtì tí kò ní déètì. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olè. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ pé ló lọ ra ìwé rìsíìtì ní Kútọ̀ fún màmá olóúnjẹ tí kò ní. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì màmá náà, kí ẹ ní fọ́ọ̀mù ìsanwó tí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tó tà, iye rẹ̀ àti ìfọwọ́sí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, kó tẹ̀ka, kí ẹnì kan jẹ́rìí sí i. Kí ẹ sì ṣe ìṣirò owó tí ẹ gbà padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ àjọ kì í fún òṣìṣẹ́ lówó tuntun tí ti àtijọ́ kò bá tíì ní ìṣirò, orúkọ tó bá sì ń wà lórí ìwé ajẹgbèsè ìṣirò lóṣooṣù, ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ ń rí i.

Ìyẹn ni owó ọjọ́ kan. Owó ọdún kan ló ń sọ èèyàn di alákòóso. Ká ní ₦12,000,000 ni ètò yín ní fún oṣù 12. Oṣù kẹfà parí, ₦3,100,000 ni ẹ ti ná. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ẹ ń ṣọ́ owó ná. Lójú onígbọ̀wọ́, iṣẹ́ ti dúró: bí ìdá 26 nínú 100 ni ẹ ná nígbà tó yẹ kí ẹ ti súnmọ́ ìdajì. Ó lè jẹ́ pé ìdánwò ilé ìwé ló sún ẹ̀kọ́ síwájú, tàbí pé òjò ba ọ̀nà abúlé jẹ́, ìdí náà sì lè dára. Àmọ́ oṣù kẹfà ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́. Alákòóso tó mọ iṣẹ́ máa ń ní ìwé Excel kan tó ń ṣí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan: owó tí wọ́n là sílẹ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n ti ná, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, àti ìdí ìyàtọ̀ náà ní gbólóhùn kan. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, á ti kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́ pé báyìí ni nǹkan rí, báyìí la fẹ́ ṣe é. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló gba kí ẹ gbé owó láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn tí kò bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nínú ìwé. Ẹ wo àdéhùn tiyín, kí ẹ mọ iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àjọ tí kò bá ní ẹni tó ń ṣọ́ èyí ni ẹ máa rí tó ń sáré ra fìlà àti aṣọ T-shirt ọ̀ọ́dúnrún ní oṣù kọkànlá kí owó má bàa padà.

Ohun kan tún wà tó ń pa àwọn àjọ kéékèèké nílùú wa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó di ọ̀gá. Tí wọ́n bá ń kọ ìwé àbá iṣẹ́, wọ́n á kọ owó ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, wọn á sì fi owó ilé, owó iná, owó oṣù oníṣirò owó àti owó aṣàyẹ̀wò sílẹ̀, torí wọ́n rò pé bí ìwé náà bá ṣe pọ́ọ́kú tó ni onígbọ̀wọ́ ṣe máa fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nígbà tó bá máa di oṣù kẹjọ, owó ètò wà ní báńkì, kò sì sí owó epo jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ ló gbà kí ẹ fi ìdá kan kún un fún owó ìṣàkóso bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá gbé owó ìṣàkóso tí àjọ tí kò tíì bá a ṣàdéhùn iye kan pàtó lè fi kún un kúrò ní ìdá 10 nínú 100, ó sọ ọ́ di ìdá 15 nínú 100, láti October 2024. Lórí ₦12,000,000, ìdá 10 nínú 100 jẹ́ ₦1,200,000, ìyẹn ₦100,000 lóṣù. Owó ilé àti iná ọ́fíìsì kékeré kan nìyẹn. Ẹ béèrè rẹ̀ láìtijú.

Ní ti ẹ̀rí iṣẹ́, màá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ká ní ọmọbìnrin 60 lẹ kọ́ ní àdìrẹ ní Ìtòkú. 60 yẹn jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ohun tí onígbọ̀wọ́ ń san owó fún ni ohun tó yípadà láyé wọn: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mélòó ló ń ta àdìrẹ, èló ni wọ́n ń rí lóṣù, mélòó ló padà sílé ìwé. Ẹ ò sì lè sọ pé ó yípadà tí ẹ ò bá kọ bó ṣe rí sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa béèrè iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rí lọ́sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òfo. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni wíwá wọn rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Síìmù ti yí padà, wọ́n ti kó kúrò ní Àdátán lọ sí Ifọ̀, òmíràn ti relé ọkọ. Ẹ gba nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ àti ti àgbà kan tí kì í kúrò nílé, kí ẹ kọ ibi tí ilé wà bí èèyàn ṣe máa júwe rẹ̀ fún ọlọ́kadà: "ẹ̀yìn mọ́sáláṣí kékeré, ilé aláwọ̀ ewé tó ní kànga." Ẹ fi dátà náà sínú KoboToolbox, áàpù tí wọ́n fi ń gba dátà sílẹ̀ lórí fóònù; àwọn àjọ bíi tiyín lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, á wá fi í ránṣẹ́ tí ẹ bá dé Panṣẹ́kẹ́. Kí ẹ sì rántí pé òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Orúkọ àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ wà lórí gúrúùpù WhatsApp, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì gbà.

Ṣíṣe ọ̀gá lórí èèyàn ní ilẹ̀ wa ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ máa di alákòóso, awakọ̀ yín á jẹ́ ẹni ọdún 55, oníṣirò owó yín á jẹ́ ẹni tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́ tí ohun tí ẹ ń retí bá wà nínú ìwé. Irú ọ̀gá tuntun méjì ló máa ń ṣubú níbí: ẹni tó ń tijú bá àgbà wí títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́, àti ẹni tó fi ipò gba ọ̀wọ̀, tó pa àgbà lẹ́nu mọ́ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ pe àgbà sí kọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ímeèlì ṣókí kan tì í lẹ́yìn lọ́jọ́ náà: "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ, ìwé ọkọ̀ á wọlé ní Friday." Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé iwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rí wà, ẹnikẹ́ni kò sì fojú di ẹnikẹ́ni. Àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àjọ yín ni ibi tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀kan sábẹ́ yín, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní ìpẹ̀kun, kí ẹ máa bá a jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Lórí ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, ìyẹn ti di ìrírí nínú bíbójútó òṣìṣẹ́.

Ní ti àjọ tèmi-n-tèmi. Ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Lábẹ́ CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ ti 2020, ẹ nílò ó kéré tán olùtọ́jú àjọ (trustee) méjì tí wọ́n ti pé ọdún 18, ìwé òfin àjọ, ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, àti ọjọ́ 28 tí ẹni tó bá ní àtakò lè fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni CAC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, á fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń mójú tó fífi owó ẹ̀gbin pamọ́. Báńkì máa béèrè ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún àjọ, SCUML kì í sì í gba owó fún un, nítorí náà ẹ má san owó fún ẹni tó bá ní òun máa bá yín ṣe é. Lọ́dọọdún, láàárín 30 June sí 31 December, ẹ máa fi ìwé ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ní kété tí ẹ bá gba òṣìṣẹ́, ẹ máa yọ owó orí lára owó oṣù rẹ̀, ẹ máa san án fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ rò pé torí àjọ aláàánú kì í san owó orí lórí ọrẹ tí wọ́n gbà, òṣìṣẹ́ wọn náà kò ní san. Owó orí òṣìṣẹ́ wà síbẹ̀, gbèsè rẹ̀ sì máa ń pọ̀ kí wọ́n tó mọ̀.

Èyí tó sì yẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ yín mọ̀ ni pé àjọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹni tó dá a sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ di èrè tí ẹnikẹ́ni ń pín, òfin sì ti fi okùn sí owó oṣù fún ẹni tó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Òfin 2020 yẹn kan náà fàyè gba kí wọ́n dá àwọn olùtọ́jú dúró tí ìwà àìtọ́ tàbí ìnákúnàá bá wà, kí wọ́n sì yan àwọn mìíràn tí á mójú tó o fúngbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá forúkọ àjọ sílẹ̀ kó lè ṣe ọ̀gá ara rẹ̀ ti ra ọ̀gá márùn-ún: ìgbìmọ̀, CAC, SCUML, ọ́fíìsì owó orí àti onígbọ̀wọ́. Onígbọ̀wọ́ tó bá lówó gidi á béèrè ìwé ìṣirò owó tí aṣàyẹ̀wò ti fọwọ́ sí fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀, àti ẹ̀rí pé èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí owó ní báńkì. Tí olùtọ́jú yín bá jẹ́ ọkọ yín àti àbúrò yín, wọ́n á rí i lójú ìwé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá àjọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta ní ipò alákòóso, kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jíhìn fún ìgbìmọ̀ níbi tí orúkọ yín kò tíì wà lórí ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abẹ́òkúta kò nílò láti lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ àwọn tó mọ ìlú tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó kàwé, kó tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí gbóná ní 1947, wọ́n ní èrò tó ń jáde sí ìta ààfin, wọ́n sì ní ìwé ẹ̀hónú tí àwọn aláṣẹ kò lè sọ pé àwọn ò rí. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Èrò nìkan ì bá má tó, ìwé nìkan náà ì bá má tó.

Oyè Masters dára, kò sì kánjú. Tí ẹ bá máa ṣe é, ọ̀pọ̀ yunifásítì wa á kọ́kọ́ ní kí ẹni tó ní HND kọ́kọ́ gba PGD, ìwé ẹ̀rí tó ṣáájú Masters, nítorí náà ẹ ka ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀kọ́ tó máa jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ lọ. Títí di ìgbà náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lórí Kaya àti DisasterReady, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú, lórí ìṣirò owó ètò, ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ àti ààbò ọmọdé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Ẹ mú méjì, ẹ parí wọn. Project DPro (PMD Pro ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), ìwé ẹ̀rí àkóso iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àjọ bíi tiyín, dára fún ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí àjọ ńlá. Owó wà fún ìdánwò rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ yín bóyá owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ wà nínú ètò ìnáwó kan.

Kí ẹ sì wo àjọ tí ẹ wà náà dáadáa. Tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ́ olùdarí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bóun ṣe máa fi ipò sílẹ̀, òkè ilé náà kò ní ṣí. Ní irú ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn ń bá gòkè: ẹ lọ ṣe òṣìṣẹ́ ìgbéléwọ̀n tàbí òṣìṣẹ́ ètò ní àjọ tó tóbi jù ú lọ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ẹ padà wá bí alákòóso. Láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà ní Láderin, Èkó kò jìnnà mọ́. Ìkànnì ReliefWeb ni ibi tí ọ̀pọ̀ àjọ ńlá ń kéde iṣẹ́ sí. Kò sí àjọ gidi kan tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́, yálà fún fọ́ọ̀mù tàbí fún àyẹ̀wò ara.

Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gbà yín, ẹ béèrè ta ló ń san owó oṣù yín, ìgbà wo ni owó náà máa parí. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ní 20 January 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi máa di 1 July ọdún náà, USAID, àjọ ìrànwọ́ òkèèrè ti ìjọba náà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, kò pín ìrànwọ́ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn bí ẹni mowó pàdánù iṣẹ́, torí pé owó kan ṣoṣo ló gbé ipò wọn ró. Ẹ béèrè owó ìfẹ̀yìntì náà: òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí àjọ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè fi ìdá 10 nínú 100 kún ìdá 8 nínú 100 tí wọ́n bá yọ lára owó oṣù yín.

Ní ti oṣù méjìlá tó ń bọ̀, ohun tí màá ní kí ẹ ṣe rèé. Ẹ má bínú sí alákòóso tuntun tó wá láti Ìbàdàn. Òun ló lè ṣí ọ̀nà fún yín jù, torí ó nílò ẹni tó mọ Ọdẹ́dá. Ẹ mú un lọ kí àwọn báálẹ̀, ẹ sọ fún un ẹni tó ń bá ẹni jà àti ẹni tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ máa jókòó nínú ìpàdé ìṣirò owó ètò lóṣooṣù, láti máa wò ó lásán ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kọ apá kan nínú àbọ̀ oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ kọ wé ohun tó fi ránṣẹ́ níkẹyìn, kí ẹ lè rí ohun tó yọ àti ìdí tó fi yọ ọ́. Nígbà tó bá máa di oṣù kẹfà, ẹ béèrè ìlà owó kékeré kan tí ẹ̀yin máa ṣọ́, bíi owó ìpàdé abúlé, ká ní ₦1,500,000, tí ẹ̀yin náà á máa jíhìn lé lórí.

Nígbà tí àyè bá tún ṣí sílẹ̀, ìwé ìtàn iṣẹ́ yín kò ní kà pé "mo máa ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn obìnrin ní abúlé." Ẹ máa kọ iye abúlé, iye ọmọbìnrin, iye owó tí ẹ ṣọ́ àti iye tó ṣẹ́ kù, àgùnbánirọ̀ tí ẹ bójú tó, àbọ̀ iṣẹ́ tí ẹ kọ. Ọ̀pọ̀ wọn á tún fún yín ní ìdánwò wákàtí kan: ìwé Excel kan tí ìlà owó méjì ti kọjá iye tí wọ́n là sílẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ bẹ oníṣirò owó yín kó fún yín ní ọ̀kan tí ẹ ó fi dánra wò, kó yọ orúkọ onígbọ̀wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ mú un délé, ẹ fún ara yín ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú, kí ẹ padà lọ bi í léèrè ohun tí ẹ gbójú fò.